Fóònù Tí Wọ́n Ti Root, Update Dé: Ká Tẹ̀ Ẹ́ Ni Àbí Ká Má Tẹ̀ Ẹ́?

Ìbéèrè láti Sángo: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra Pixel 6 tòkunbọ̀ kan ní Queen Cinema. Mo ṣí bootloader rẹ̀ (ètò tó ń jí fóònù, tí ilé-iṣẹ́ máa ń tì pa), mo sì fi áàpù Magisk root ẹ̀, ìyẹn ni pé mo gba àṣẹ pátápátá lórí rẹ̀, torí mo fẹ́ máa gba ohùn ìpè sílẹ̀, mo sì fẹ́ dí ojú ọ̀nà àwọn ìpolówó tó ń jẹ dátà mi. Ní báyìí, ojoojúmọ́ ni fóònù ń sọ fún mi pé update ti dé. Ọ̀rẹ́ mi kan tó root Tecno tiẹ̀ tẹ update, fóònù dúró sórí orúkọ ilé-iṣẹ́, kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ẹnjiníà kan ní Ìwó Road ní kí n má tẹ̀ ẹ́ láéláé. Ẹlòmíràn ní kí n kàn tẹ̀ ẹ́, pé kò sí nǹkan kan. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

———

Má tíì tẹ̀ ẹ́ lónìí. Àmọ́ "láéláé" tí ẹnjiníà yẹn sọ, èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹni tó sì ní kí o kàn tẹ̀ ẹ́ kò ro ti ohun tó wà nínú fóònù rẹ.

Ohun tí fóònù ń pè ọ́ sí yẹn kì í ṣe odindi Android. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí tó wà lórí fóònù rẹ àti èyí tuntun nìkan ni wọ́n dì ránṣẹ́, kó má baà jẹ dátà púpọ̀. Kó tó lè lo ìyàtọ̀ yẹn, ó ní láti kọ́kọ́ yẹ ohun tó bá nílẹ̀ wò, bóyá bí ilé-iṣẹ́ ṣe fi sílẹ̀ ló ṣì wà. Láti ìgbà Android 5, tó jáde ní 2014, kì í yẹ fáìlì wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́. Odindi partition, ìyẹn apá kọ̀ọ̀kan tí wọ́n pín ibi ìpamọ́ fóònù sí, ló ń yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan. Bí ohun kékeré kan bá ti yí padà níbẹ̀, update náà ò ní wọlé. Lóòótọ́, Magisk kì í fọwọ́ kan system, apá tí Android fúnra rẹ̀ wà, ohun tó mú kó dára ju àwọn ọ̀nà àtijọ́ lọ nìyẹn, àmọ́ ó ti tún boot, apá tó ń jí Android dìde, kọ. Ibẹ̀ ni update yóò ti bá ohun tí kò mọ̀.

Tí o bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, ohun tó ṣeé ṣe jù ni pé yóò wọlé sórí fóònù, yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yóò wá sọ fún ọ pé kò ṣeé ṣe. Fóònù ò ní kú. Láti 2016 tí Pixel àkọ́kọ́ ti jáde pẹ̀lú Android 7 ló ti ní slot méjì, ìyẹn àyè méjì tí Android lè wà, A àti B. Èyí tí o ń lò wà ní ọ̀kan, èkejì ni update ń kọ ara rẹ̀ sí. Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ lọ́hùn-ún, èyí tí o wà lórí rẹ̀ ò ní í mọ̀. Ti Tecno ọ̀rẹ́ rẹ yàtọ̀. Màá dé ibẹ̀.

———

Ọ̀pọ̀ yín ló ti kọ ọ́ báyìí pé "bí fóònù bá ti root, ẹ gbàgbé update." Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá. Ní oṣù kẹsàn-án 2007, Apple kìlọ̀ fún àwọn tó ti já iPhone wọn gbà lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo tí wọ́n tà á mọ́ pé update tó ń bọ̀ lè sọ fóònù wọn di òkú. Nígbà tí 1.1.1 jáde lóṣù yẹn kan náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kú lóòótọ́. Lórí Android náà, nígbà tí gbogbo èèyàn ń fi TWRP rọ́pò recovery ilé-iṣẹ́ (ètò kékeré tó ń bá fóònù fi update sí i), update á lọ kan TWRP tí kò mọ ohun tí wọ́n ní kó ṣe, fóònù á wá máa padà sínú TWRP ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tàn án. Ẹni tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí lójú kò lè gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo òdìkejì. Ní 2015, wọ́n rí ihò kan nínú Stagefright, apá Android tó ń bójú tó fídíò àti ohùn. Ẹni ibi lè fi MMS kan ránṣẹ́ sí nọ́ńbà rẹ, kí iṣẹ́ ti bàjẹ́ kí ìwọ tó ṣí i. Láti oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni Google ti ń gbé àtúnṣe ààbò jáde lóṣooṣù, tí wọ́n sì ń kéde àwọn ihò tí wọ́n dí. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ẹni tó kọ update sílẹ̀ fún ọdún méjì: gbogbo ihò tí wọ́n ti kéde láti ìgbà yẹn ló ṣí sílẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ lè lọ kà á. Bootloader rẹ̀ sì ti wà ní ṣíṣí. Ìṣọ́ tó yẹ kó ké gbàjarè bí ẹnìkan bá yí system padà, òun fúnra rẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò. Nítorí náà, fóònù tí wọ́n ti root gan-an ló nílò àtúnṣe yẹn jù. Mi ò ní yẹ̀ lórí èyí.

———

Alàgbà kan láti Bódìjà béèrè pé: "Áàpù báńkì mi ṣì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe wà yìí. Tí mo bá ṣe update tó wá dáwọ́ dúró ńkọ́?"

Ẹ káàsán, sà. Ẹ̀rù tó ń bà yín yìí tọ́, àmọ́ kì í ṣe update ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ áàpù báńkì ló ń béèrè lọ́wọ́ Google bóyá fóònù ṣe é fọkàn tán. SafetyNet ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, wọ́n ti pa á, Play Integrity ló gba ipò rẹ̀. Ìdáhùn Play Integrity ní ìpele. Lórí Android 13 sókè, fóònù tí kò bá rí àtúnṣe ààbò gbà láàárín ọdún kan kò lè dé ìpele tó ga jù níbẹ̀, àní bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án rí. Kíkọ update sílẹ̀ kò dáàbò bo áàpù báńkì yín.

Àwọn ọ̀dọ́ yóò ní kí ẹ fi module, ìyẹn àfikún kékeré inú Magisk, bo root mọ́lẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, Google á tún dí i, wọ́n á tún wá òmíràn. Ìgbà tí ẹ bá wà ní ilé epo lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n ti ta epo fún yín tán, ni áàpù á sọ pé òun ò mọ fóònù yìí mọ́. Tèmi ni pé kí owó yín má sí lórí fóònù tí ẹ ti root. Ẹ fi áàpù báńkì sórí fóònù kékeré kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì tú, kí ẹ máa fi èyí tí ẹ root ṣe ohun yòókù tó wù yín. Mo mọ̀ pé owó fóònù kejì kì í ṣe kékeré lásìkò yìí, sà. Tí agbára rẹ̀ ò bá sí, èmi á yan báńkì, màá sì fi root sílẹ̀.

———

Ó dáa, ká padà sí Pixel ọmọ Sángo.

Lọ sí Developer options kí o pa "Automatic system updates." Ó ṣe pàtàkì gan-an, nítorí bí o bá fi í sílẹ̀, fóònù lè dá iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lóru nígbà tí o bá ń sùn, bí update náà bá sì rí ọ̀nà wọlé, root á kúrò. Lẹ́yìn náà, ṣe ẹ̀dà àwọn fọ́tò àti WhatsApp rẹ síbi tí kì í ṣe orí fóònù yẹn. Pa gbogbo module inú Magisk.

Wá tẹ Uninstall Magisk, àmọ́ "Restore Images" ni kí o mú níbẹ̀, má mú èkejì. Ó máa dá boot padà sí bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é. MÁ ṢE tún fóònù tàn. Lọ sí System update, jẹ́ kó wọlé, jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Yóò bẹ̀ ọ́ pé kí o restart. Má dá a lóhùn. Padà sínú Magisk, tẹ Install, mú "Install to Inactive Slot (After OTA)." OTA yẹn ni update tó ń gba orí afẹ́fẹ́ wọlé. Ìgbà yẹn ni wàá wá tún un tàn. Yóò dìde lórí slot kejì, update á ti wọlé, root á sì ṣì wà níbẹ̀.

Tí ó bá ti tàn, fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Láti Android 11, àwọn fóònù tó ń lo Virtual A/B (ẹ̀yà tuntun slot méjì yẹn) máa ń parí ìdàpọ̀ update lẹ́yìn tí wọ́n bá tàn tán, ní abẹ́lẹ̀, tí o ò ní rí i. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fílàṣì nǹkan mìíràn, ìyẹn kó máa kọ nǹkan tààrà sórí partition fóònù, lásìkò yẹn ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ba fóònù jẹ́.

———

Ẹnìkan láti Ọ̀jọ́ọ̀ ní òun tẹ Restore Images, Magisk sì fèsì pé "Stock backup does not exist." Ó ní èyí fi hàn pé ọ̀nà tí mo júwe kò dára.

Ọ̀nà náà dára. Ohun tí Magisk ń sọ ni pé boot ilé-iṣẹ́ kò sí nípamọ́ lórí fóònù náà. Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ pé ẹnjiníà ló bá yín root ẹ̀, tó ṣe fáìlì náà lórí fóònù mìíràn tàbí kọ̀ǹpútà tiẹ̀. Ẹ wo build number yín nínú About phone, ẹ lọ gba factory image (odindi Android bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é) tó jẹ́ ti nọ́ńbà yẹn gan-an lórí ojú-òpó Google, ẹ yọ boot.img inú rẹ̀, kí ẹ fi fastboot, irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà, fílàṣì í padà. Bí ó bá jẹ́ Pixel 7 sókè, init_boot ni ẹ máa yọ, kì í ṣe boot. Má ṣe lo boot oṣù tó kọjá torí pé "Pixel 6 náà kúkú ni." Kernel (ọkàn Android, inú boot ló wà) tí kò bá bá àwọn ìyókù mu lè mú kí Wi-Fi kọ̀, kí ojú fóònù má gbọ́ ọwọ́, tàbí kí fóònù má dìde rárá.

Ní tèmi o, bó bá jẹ́ update ńlá, bíi láti Android kan sí òmíràn, mi ò kì í lo Inactive Slot. Full OTA ni mo máa ń gbà. Odindi ni ìyẹn, kì í béèrè ohun tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, àṣẹ adb sideload láti orí kọ̀ǹpútà ni mo fi ń fi í sí i nínú recovery, dátà ẹni kì í sì í lọ. Màá tan fóònù láìsí root ná. Màá pe ẹnìkan, màá wo kámẹ́rà, màá wo Wi-Fi. Bí gbogbo rẹ̀ bá dá mi lójú ni mo tó fi Magisk tún boot tuntun ṣe. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, mo mọ̀ pé ti Magisk tàbí module ni, kì í ṣe ti update. Àwọn tó ń sọ pé èyí pọ̀ jù, ẹ̀ ń gba àkókò díẹ̀ sílẹ̀ lónìí kí ẹ lè fi odindi ọjọ́ wá ìdí àìsàn lọ́la. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni dátà: full OTA Pixel lè ju 2 GB lọ. Ẹ dúró de dátà òru.

———

Ẹnìkan béèrè bóyá iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kan ọ̀rọ̀ fífílàṣì fóònù. Bẹ́ẹ̀ ni, ó kàn án. Ẹ má fi kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní UPS fílàṣì fóònù níbi tí iná ti lè lọ láìròtẹ́lẹ̀. Láàpútọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára ló dára. Kí ti fóònù náà kún dáadáa. Kí okùn USB náà jẹ́ èyí tí kì í já lẹ́nu ihò.

———

Ó kan Tecno. Ibí yìí ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé àwọn èèyàn ń sanwó kí wọ́n tó bá wọn ba fóònù jẹ́.

Ọ̀pọ̀ Tecno àti Infinix tó wà lọ́wọ́ wa ló ń lo chip MediaTek. Bí irú rẹ̀ bá dúró sórí orúkọ lẹ́yìn update, ó sábà máa ń jẹ́ pé boot tàbí vbmeta (apá tí fóònù fi ń mọ̀ bóyá wọ́n ti yí nǹkan padà) tó wà lórí rẹ̀ kò bá system tuntun dọ́gba. Àtúnṣe wà fún un: wá firmware (odindi ètò tí ilé-iṣẹ́ ṣe fún fóònù) tó bá nọ́ńbà móọ̀dẹ́lì fóònù náà àti build rẹ̀ mu gẹ́lẹ́, fi SP Flash Tool, irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà fún chip MediaTek, dá a padà. Nínú SP Flash Tool, ẹ ó rí "Download Only," ẹ ó rí "Firmware Upgrade," ẹ ó sì rí "Format All + Download." Ọ̀pọ̀ ẹnjiníà tí ọwọ́ wọn ń yá ni Format All ni wọ́n máa ń tẹ̀, torí pé fóònù máa ń dìde kíákíá, oníbàárà á yọ̀, á sanwó, á lọ. Kó tó dé ilé ni yóò rí i pé síìmù ò gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Format All ti nu apá kan tí wọ́n ń pè ní NVRAM, ibẹ̀ sì ni IMEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, wà. Ẹ tẹ *#06#, ẹ ó rí i pé nọ́ńbà ti pòórá.

Ọ̀rẹ́ rẹ kò tíì gbé fóònù rẹ̀ lọ síbì kankan? Sọ fún un kó béèrè lọ́wọ́ ẹnjiníà KÓ TÓ BẸ̀RẸ̀: "Download Only lẹ fẹ́ lò ni?" Kó dúró tì í. Bí ẹnjiníà bá ní kó lọ padà wá lọ́la, kó gbé fóònù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí IMEI bá sì ti lọ tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà tó wà lára páálí fóònù náà gan-an ni kí wọ́n dá padà. Kó má gbà kí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù ẹlòmíràn sí i o, nítorí bí wọ́n bá fi fóònù yẹn hùwà ọ̀daràn, òun ni wọn yóò wá mú.

Ẹnjiníà kan fèsì sí mi lórí èyí pé Download Only kì í yanjú gbogbo rẹ̀, pé nígbà mìíràn Format All nìkan ló kù. Mo gbà, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Nígbà náà, ka NVRAM jáde pamọ́ ná, tàbí kí o sọ fún oníbàárà ohun tó lè sọnù kí o tó tẹ̀ ẹ́. Fóònù rẹ̀ ni, òun ló ni ìpinnu.

———

Ti Samsung kúrú. Bí ẹ bá ti root ẹ̀, update orí afẹ́fẹ́ ti parí, yóò sọ fún yín pé wọ́n ti yí system padà lọ́nà tí kò bófin mu. Odin, irinṣẹ́ Samsung orí kọ̀ǹpútà, ló kù. Ẹ gba firmware tuntun, ẹ fi Magisk tún fáìlì AP inú rẹ̀ ṣe, kí ẹ fílàṣì àwọn fáìlì rẹ̀ mẹ́rin: BL, AP, CP pẹ̀lú HOME_CSC. Bí ẹ bá lo CSC lásán dípò HOME_CSC, gbogbo nǹkan yín á parẹ́. Knox, àmì ààbò Samsung, tó bá ti di 0x1 (ìyẹn ni pé wọ́n ti tú fóònù náà) kò ní padà sí 0x0 mọ́ láé, ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni ìbáà sọ fún yín ní ìsọ̀, torí inú ohun èlò fóònù náà ni wọ́n ti jó o. Secure Folder, àpò ìkọ̀kọ̀ orí Samsung, ti lọ nìyẹn.

———

Ẹnìkan ní bí update bá burú, kí èèyàn kàn padà sí ti tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ló ṣeé ṣe. Nígbà tí Android 13 jáde ní oṣù kẹjọ 2022, Google fi ìdènà sínú bootloader Pixel 6, 6 Pro àti 6a: ẹni tó bá gorí 13 kò lè padà sí bootloader 12 mọ́. Slot kejì lè ṣì gbé ti àtijọ́, fóònù tó bá sì ṣèèṣì fẹ́ dìde láti ibẹ̀ lè kú pátápátá. Ìdí nìyẹn tí Google fi ní kí àwọn tó ń fílàṣì fúnra wọn fi bootloader tuntun sí slot méjèèjì. Xiaomi àti Samsung náà ní irú ìdènà bẹ́ẹ̀. Ẹ kà nípa nọ́ńbà update náà kí ẹ tó gùn ún.

Èyí tún kan ẹni tó fẹ́ ta fóònù rẹ̀ ní Challenge, tó fẹ́ ti bootloader padà kí ẹni tó fẹ́ rà á má baà rí ìkìlọ̀ tó máa ń jáde bí fóònù bá ń tàn. Ẹ kọ́kọ́ dá gbogbo nǹkan padà sí ti ilé-iṣẹ́, ní slot méjèèjì, ẹ tan fóònù kí ẹ rí i pé ó dìde, kí ẹ tó ti bootloader. Títì í yóò nu gbogbo dátà kúrò. Ẹni tó bá tì í nígbà tí Magisk ṣì wà nínú boot, fóònù á kọ̀ láti dìde. Bí "OEM unlocking," ibi tí wọ́n ti ń gba ṣíṣí bootloader láyè, bá sì ti wà ní pípa, bóyá ni yóò fi rí i ṣí mọ́.

———

Ọmọ Sángo padà wá: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe é. Update wọlé, root wà níbẹ̀. Àmọ́ bí mo ṣe tan module tó ń gba ohùn ìpè sílẹ̀ padà, fóònù ń tàn, ó ń kú, ó tún ń tàn."

Module yẹn kò tíì mọ Android tuntun, òun ló fà á. Má nu dátà kankan. Bí àmì Google bá ti jáde tó ń yí, di bọ́tìnì ohùn ti ìsàlẹ̀ mú kó wọ Safe Mode. Tún un tàn lẹ́ẹ̀kan sí i bó ṣe yẹ, wàá rí i pé Magisk ti pa gbogbo module fúnra rẹ̀. Tí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, tó o sì ti gba kọ̀ǹpútà rẹ láyè lórí adb tẹ́lẹ̀, so fóònù mọ́ ọn kí o tẹ adb wait-for-device shell magisk --remove-modules. Lẹ́yìn náà, tan module kọ̀ọ̀kan padà ní ẹyọ kan, ẹyọ kan, kí o máa tún fóònù tàn láàárín wọn. Ti ohùn ìpè yẹn, lọ wo ojú-ìwé ẹni tó ṣe é bóyá ó ti gbé tuntun jáde. Bí kò bá tíì gbé e jáde, fi í sílẹ̀ ní pípa títí yóò fi gbé e jáde. Update oṣù tó ń bọ̀ kò ní dúró dè é, ìwọ náà má sì tìtorí rẹ̀ dá update dúró.